Ojú Màmá Kò Tíì Wọ Ààrò

Yàrá Iwájú,
Ilé Bàbá Télọ̀.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́, mo sì fi ọwọ́ tó dọ̀tí kí ọ, nítorí bí mo ṣe gbé amọ̀ sílẹ̀ báyìí ni mo mú bírò. Mo lérò pé ara rẹ le koko, pé ò ń jẹun lásìkò, pé o sì ń rí oorun sùn, àti pé iṣẹ́ tí o bá lọ sí ọ̀nà jíjìn kò tíì sọ ọ́ di ẹni tó gbàgbé ilé. Bí o bá béèrè àlàáfíà tèmi, ara mi dá ṣáká. Àwọn ẹbí wa ni kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Ó ti sú mi, àbúrò mi, ó sú mi dé góńgó, ìdí nìyẹn tí lẹ́tà yìí fi máa gùn. Wá àga kan kí o jókòó.

Ọ̀rọ̀ yàrá iwájú tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí ni kí n fi bẹ̀rẹ̀. Bàbá sọ pé àwọn máa gbé e fún oníkẹ́míìsì. O mọ̀ ọ́n, ọkùnrin tó ń ta oògùn lẹ́yìn gáréèjì, tí kì í rẹ́rìn-ín àfi tí ènìyàn bá ń wúkọ́. Ó ń wá ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí títì, yàrá tí Màmá ti ń yan kéèkì nígbà ayé wọn ló sì wọ̀ ọ́ lójú. Bàbá ní tí oṣù bá parí kí n kó ẹrù mi kúrò. N kò bá wọn jiyàn, ilé wọn ni. Ohun tó ká mi lára ni ààrò. O rántí pé kí wọ́n tó mọ ògiri iwájú parí ni wọ́n ti gbé ààrò onígáàsì yẹn wọlé, nítorí kò gba ẹnu ọ̀nà. Títí di òní olónìí, kò gba ẹnu ọ̀nà. Oníkẹ́míìsì ní ìyẹn kì í ṣe wàhálà, òun á mú wẹ́dà wá kó gé e sí wẹ́wẹ́, kí wọ́n kó o lọ fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ààrò Màmá! Nígbà tí mo gbọ́ ọ, orí àpótí iṣẹ́ mi ni mo jókòó lé, mo fi ìdí tẹ ọ̀pọ̀lọ́ amọ̀ kan tí n kò tíì yan pa.

Kí o sì wò ó o, nígbà náà, láti ìgbà tí Màmá ti lọ, Bàbá kì í wọ yàrá yìí. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń gbà jáde, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń gbà wọlé. Wọ́n á rìn yí gbogbo ilé po kí wọ́n má bàa gba iwájú ilẹ̀kùn kan ṣoṣo kọjá. Tí mo bá béèrè ìdí, wọ́n á ní oòrùn ibẹ̀ máa ń wọ àwọn lójú. Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́ kẹ́yìn, ojú ọ̀run ṣú dẹ̀dẹ̀.

Nínú lẹ́tà rẹ o bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí gan-an lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀ yẹn?" Ìwọ náà kẹ̀! Ó dáa, jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ lẹ́ẹ̀kan kó tó o. Amọ̀ tí mo ń lò kì í ṣe amọ̀ inú ilẹ̀. Ike ni, ó rọ̀ bí ìyẹ̀fun tí a pò, ó ń wá nínú ọ̀rá ní oríṣiríṣi àwọ̀. Tí iná kò bá kàn án, kì í le. Mo máa ń tẹ wáyà kó di egungun, mo máa ń fún bébà fóìlì mọ́ wáyà náà kó sanra díẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn ni màá wá fi amọ̀ bò ó. Abẹ́rẹ́ ni mo fi ń ya ìpẹ́ sí i lára. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ ni mo fi ń gún awọ rẹ̀ kó rí ṣákiṣàki. Àwọn ẹ̀dá tí kò sí láyé ni mo ń mọ: ejò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, ọ̀pọ̀lọ́ tó hùwo, abìyẹ́ tó ń tu iná lẹ́nu. Àwọn tó fẹ́ràn ìtàn àròsọ ń rà wọ́n, wọ́n ń gbé wọn sórí tábìlì, inú wọn sì ń dùn. Gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ mi kò ju ìyẹn lọ.

Iná ló le níbẹ̀. Iná kékeré tó dọ́gba ló ń fẹ́. Tó bá pọ̀ jù, amọ̀ á jó, èéfín rẹ̀ á sì lé àdúgbò jáde. Tó bá kéré jù, ẹ̀dá náà á ṣe bí ẹni pé ó ti le, o máa gbé e fún oníbàárà tẹ̀rín-tẹ̀rín, ìrù á já sí i lọ́wọ́. Mo ti dán àwọn ààrò kéékèèké tí wọ́n ń tà nígboro wò. Iná wọn kì í dúró sójú kan, bí ó ti ń lọ sókè ni ó ń bọ̀ nílẹ̀. Ti Màmá nìkan ló ń dúró jẹ́ẹ́ níbi tí mo bá fi í sí. Bí wọ́n bá gé ààrò yẹn, kí wọ́n kúkú gé mi lọ́wọ́. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Bàbá láti ojú fèrèsé. Wọ́n ní ẹni tó bá dàgbà tó mi, tó ṣì ń fi amọ̀ ṣeré, ó yẹ kó máa dúpẹ́ pé ọwọ́ òun ṣì wà.

Ìgbà tí mo ń ronú bí mo ṣe máa bẹ̀ wọ́n ni wàhálà gidi dé, ilé-ìtàwé tó wà ní ìkóríta ló sì ti wá. Obìnrin tó ni ibẹ̀ ní kí n bá òun mọ nǹkan ńlá kan sí ojú fèrèsé, kí àwọn ọmọdé lè máa yà wọlé. Mo mọ abìyẹ́ kan fún un, tó ta ìyẹ́ méjèèjì bo ìwé, tó ranjú mọ́ títì bí ẹni pé gbogbo ẹni tó bá kọjá láì ra ìwé ló jẹ̀bi. Ojú rẹ̀ yá mi lára. Kò pẹ́ rárá kó tó wá, àní mo ń kọrin bí mo ṣe ń ṣe é. N kò bi ara mi léèrè ibi tó ti wá.

Ẹ̀gbọ́n Bàbá wa obìnrin, Àǹtí Alága tó jẹ́ pé àwọn ni alága gbogbo ìpàdé tí wọ́n bá dé, ìbáà ṣe èyí tí a kò pè wọ́n sí, ló kọjá níwájú ilé-ìtàwé náà. Wọ́n rí ara wọn lójú fèrèsé. Àbúrò mi, Ọlọ́run ń gbọ́, n kò mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é! Ọwọ́ ló lọ síbi tó mọ̀. Ìpéǹpéjú kan ga ju èkejì lọ, ẹnu fún pọ̀ bí ti ẹni tó ń dúró kí o parọ́, àgbọ̀n di méjì, Àǹtí Alága ni látòkè délẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ara kìnnìún ni mo fi í sí, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá rọ̀. Ojú obìnrin àgbàlagbà ni mo gbé sórí ohun tó ní ìyẹ́ àti èékánná. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé wo ló ń ṣe irú ẹ̀?

Wọn kò kanlẹ̀kùn. Wọ́n kàn yọ sí mi ni. "Ẹyẹ! Nínú gbogbo ohun tí Ọlọ́run dá sáyé, ẹyẹ lo rí fi mí ṣe! Kí aráyé lè máa sọ pé àwọn ti ń fura tẹ́lẹ̀!" Mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kì í ṣe ẹyẹ o. Ẹranko inú ìtàn ni, iná ló ń tu lẹ́nu." Wọ́n ní, "Ṣé iná yẹn ló wá sàn?" Wọ́n ní kí n lọ yọ ìyẹ́ náà kúrò. Mo ní ó ti gba iná mà, tí mo bá fà á, gbogbo rẹ̀ ló máa fọ́. Wọ́n ní bí ìyẹ́ kò bá ṣeé yọ, ó yẹ kí èmi ṣeé yọ kúrò nínú yàrá. Ọ̀dọ̀ Bàbá ni wọ́n gbà lọ tààrà, wọ́n sì pèpàdé ẹbí.

Mo rò pé ìpàdé ni wọ́n fẹ́ ṣe. Kí wọ́n tó wá, kálukú ti lọ sójú fèrèsé ilé-ìtàwé lọ wo ẹ̀rí, ojú gbogbo wọn kún fún ẹ̀rín tí wọ́n ń gbé mì. Bí Àǹtí Alága ṣe ń sọ ẹjọ́ lọ́wọ́, àwọn yòókù ti yọ́ wọ inú yàrá mi, wọ́n ń wo pẹpẹ tí mo to àwọn ẹ̀dá mi sí. "Etí ta nìyí?" "Ẹ wá wo orí pípá Bọ̀ọ̀dá lára alángbá!" Ẹni tó rí ara rẹ̀ bínú, ẹni tí kò rí ara rẹ̀ bínú jù ú lọ. Akọ̀wé, ọmọ Àǹtí Alága, wo pẹpẹ lẹ́ẹ̀mejì, ó wá dúró síwájú mi tomijétomijé: "Láti kékeré la ti jọ ń jẹun nínú abọ́ kan náà. Mi ò sí níbẹ̀, àní lára ọ̀pọ̀lọ́?" Kí ni kí ènìyàn wí? Kò sí bí a ṣe máa se ebòlò tí kò ní rùn ìgbẹ́. Ara yòówù kí n mọ, àwọn ènìyàn wa yìí náà ló ń yọjú síbẹ̀. Mo ṣèlérí fún Akọ̀wé pé màá fi í sí ara àkekèé. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Àǹtí Alága pàápàá, bá mi wò wọ́n! Àwọn ọmọdé ń pé jọ síwájú fèrèsé yẹn, wọ́n ń kí abìyẹ́ náà tí wọ́n bá ń bọ̀ láti ilé ìwé, Àǹtí sì gbọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́. Wọ́n mú ọ̀rẹ́ wọn kan wá, wọ́n mú òmíràn wá. Nígbà tí obìnrin onílé-ìtàwé fẹ́ gbé e sẹ́yìn kí àwọn ìwé tuntun lè ráyè, Àǹtí ní, "Ta ló ní kí ẹ gbé mi kúrò níbẹ̀?" Mo wá fi ọgbọ́n bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá mi sọ fún Bàbá nípa yàrá. Wọ́n ní àwọn kì í tutọ́ sílẹ̀ kí àwọn tún pọ́n ọn lá. Wọ́n ní àgbọ̀n àwọn kì í sì í ṣe méjì.

Ní gbogbo àkókò yìí, Bàbá kò yọjú. Mo ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ wọn lẹ́yìn ilé, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń tú ojú rírán tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn, ojú wọn tó ti ń ṣe bàìbàì kò sì dín ìyẹn kù. Oníkẹ́míìsì wá, ó fi téèpù wọn ògiri, ó ní ibí ni òun máa to oògùn ibà sí. Ó gbá ààrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó ń yẹ màlúù tó máa pa wò. Mo ti gba kámú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi bébà àlòkù wé àwọn ẹ̀dá mi, mo ń kó wọn sínú páálí.

Àfi bí Bàbá ṣe gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Oníkẹ́míìsì wà lẹ́yìn wọn, wẹ́dà wà lẹ́yìn oníkẹ́míìsì, ó sì ti gbé irinṣẹ́ rẹ̀ dání. Bàbá dúró gbagidi nínú yàrá bí ẹni tó ṣìnà. Wọn kò wo ààrò. Wọ́n yọ awò ojú, wọ́n nù ún, wọ́n fi í padà sójú, wọ́n sún mọ́ pẹpẹ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Wọ́n ń wo àwọn ẹ̀dá náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe máa ń wo aṣọ tí ọmọṣẹ́ bá rán. Nígbà tí wọ́n wo pẹpẹ tán, wọ́n na ọwọ́ sí páálí: "Tú èyí." Mo tú u. "Tú ìyẹn náà." Mo ní nínú ọkàn mi pé, ẹ wò ó, Bàbá náà ń wá ara wọn! Mo bínú débi pé mo na ọwọ́ sí i fún wọn. Mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ wà lára ìjàpá oníwo yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Wọ́n ní, "Mo ti rí i," wọ́n sì ń bá wíwò wọn lọ. Nígbà tí kò ku ọ̀kankan mọ́, wọ́n yọ awò ojú. Wọ́n ní, "Ìyá yín dà?"

Mo ní, "Wọn ò sí níbẹ̀, Bàbá."

Wọ́n ní, "Gbogbo ayé ló wà níbí. Ẹni tó ń gbé omi kiri wà níbí. Ìyá yín nìkan ni kò wá sí nínú yàrá ara rẹ̀?"

Òótọ́ ni mo sọ fún wọn, òótọ́ náà ni mo ń sọ fún ọ. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ títí. Ojú á wá, ẹnu á wá, tí mo bá wá kó wọn pọ̀, obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí ló máa ń wò mí. Màá sáré rún un pọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Ẹ̀rù ló ń bà mí, àbúrò mi. Ojú gbogbo ènìyàn wà lọ́wọ́ mi, ojú ẹni tó bí mi ló ń sá fún mi. Mo sọ ọ́ tán, ẹkún gbọ̀n mí. Oníkẹ́míìsì ní òun ní oògùn kan tó dára fún irú ẹkún bẹ́ẹ̀. Bàbá ní kó máa lọ ná. Wẹ́dà béèrè pé ìgbà wo ni kí òun padà wá. Wọ́n ní, "Tí iṣẹ́ bá parí." Wẹ́dà wo mí, mo wo wẹ́dà, kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń sọ. Bàbá fa àpótí, wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ní ká jọ mọ Màmá.

Ìgbà yẹn ni ojú mi wá rí nǹkan. Mo ní ẹ̀dá àràmàǹdà nìkan ni mo mọ̀ ọ́n ṣe, ṣé kí n fi ìwo díẹ̀ sí i? Wọ́n ní ta ni mo fẹ́ fi ìwo sí lórí? Mo ní ìyẹ́ ńkọ́? Wọ́n ní ṣé ẹjọ́ Àǹtí mi kò tíì tó mi. Wọ́n ronú títí, wọ́n ní, "Ọwọ́. Ọwọ́ ni kí o fún un." Mo ní mẹ́rin? Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọ̀kan ń po ìyẹ̀fun, ọ̀kan ń ṣílẹ̀kùn ààrò, ọ̀kan di ìwọ àbúrò mi mú lẹ́yìn, ọ̀kan ń fa èmi létí, ìyẹn nígbà tí ara rẹ̀ kò tíì yá síṣẹ́. Mẹ́jọ la fi í sí. Mo yan ara náà láìsí orí, nítorí ènìyàn lè yan apá kan kó tó mọ ìyókù. Bàbá kò kúrò nídìí ààrò. "Kò tíì jinná?" Mo ní ó kù díẹ̀. "Iná yìí kò lè se ẹyin." Mo ní Bàbá, kì í ṣe ẹyin là ń sè. "Mo ṣáà sọ tèmi."

Ojú ló wá di ogun. Mo ti rí oníbàárà tó le, ṣùgbọ́n wọn kò tó ọmọ ìkókó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá. "Imú yẹn, ẹbí tèmi ló ni ín. Tú u." Mo tú u. "Ó ti fún jù lẹ́rẹ̀kẹ́." Mo tú u. "Ẹ̀rín kọ́ nìyẹn, eyín ló ń dùn ún." Bí wọ́n ṣe ń bú iṣẹ́ mi ni wọ́n ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ tí wọn kò sọ látọjọ́ tí a ti sin Màmá. Pé tí kéèkì bá rì láàárín, Màmá á kọ́kọ́ wẹ̀yìn bóyá ẹnì kan rí i. Pé Màmá máa ń bá ààrò yìí jà, wọ́n ń pè é ní ọ̀lẹ. Pé wọn kì í lè pa irọ́ láì fọwọ́ kan imú. Ojoojúmọ́ ni Bàbá ń gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé báyìí, tí òwú aṣọ tó wà lára wọn ń lẹ̀ mọ́ amọ̀ funfun mi. Abẹ́rẹ́ ni mo fi ń ṣa á lọ́kọ̀ọ̀kan. Oníkẹ́míìsì ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà: "Bàbá, ibo la bá a dé?" Wọ́n á ní, "Iṣẹ́ ń lọ."

Nígbà tó yá, ó wá. Mo tẹ ìsàlẹ̀ ojú kan báyìí, mo ká ọwọ́ mi kúrò, Màmá ń wò mí. Màmá wa gan-an, pẹ̀lú ojú tí wọ́n máa ń fi wò wá tí wọ́n bá mọ̀ pé a ti jẹ nǹkan kí àlejò tó dé. Mo mọ̀ pé bí mo bá ti gbà pé ó parí, wẹ́dà ń bọ̀, ṣùgbọ́n kò ṣeé fi pamọ́. Mo pe Bàbá. Wọ́n gbé awò ojú sójú, wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní, "Kò tíì jọ ọ́." Wọ́n na àtàǹpàkò, wọ́n tẹ imú náà pẹlẹbẹ.

Mo jágbe! Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, n kò jágbe mọ́ Bàbá rí, mo jágbe mọ́ wọn lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ní, "Imú yẹn ga jù," wọ́n dìde, wọ́n fọwọ́ ara wọn pa gáàsì ààrò, wọ́n jáde. Ìgbà tí inú mi rọ̀ díẹ̀ ni mo ro ó pé, àṣé bẹ́ẹ̀ ni! Àgbà yìí ń gba ààrò sílẹ̀ láì jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n wọn rí i pé àwọn yí ọ̀rọ̀ padà. Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo tún imú náà mọ.

Kò pẹ́ sí i, Àǹtí Alága wá sọ fún mi pé oníkẹ́míìsì ti gba ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-epo. Bàbá ló pè é, tí wọ́n ní kó má dúró de àwọn mọ́, ó sì ti pẹ́ díẹ̀. Wọn kò sọ fún mi! Mo ń fi ìbẹ̀rù sùn, mo ń fi í jí, ọ̀rọ̀ sì ti parí lẹ́yìn mi! Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn? Síbẹ̀ mo jó yí ààrò po. Nígbà tí Bàbá dé, ojú Màmá ti tún wá lórí tábìlì, ó tilẹ̀ dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo ní, "Bàbá, yàrá ti di tiwa, ẹ jẹ́ ká yan án." Wọ́n wò ó. Àtàǹpàkò tún jáde. Mo di ọwọ́ wọn mú, mo ní, "Bàbá, ó jọ wọ́n. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ó jọ wọ́n. Kí ló dé?"

Wọn kò fa ọwọ́ náà. Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Tí a bá yan án, ó parí nìyẹn. Kí ni màá tún wá bá ọ sọ nípa rẹ̀ lọ́la?"

Mo fi ọwọ́ wọn sílẹ̀. Wọ́n tẹ imú náà.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn. Iṣẹ́ àwọn oníbàárà ń dúró, àkekèé Akọ̀wé kò tíì ní ìrù, ara ọlọ́wọ́ mẹ́jọ kan wà lórí tábìlì mi láìlórí, bàbá àgbà kan sì ń jí wá sọ́dọ̀ mi ní àràárọ̀ láti wá ba iṣẹ́ mi jẹ́. Àbúrò mi, ó ti sú mi pátápátá, mo sì ti ra amọ̀ funfun púpọ̀ sí i.

Kí Ọlọ́run fi ìṣọ́ rẹ̀ bò ọ́ níbi tí o wà. Kí ọwọ́ rẹ má ṣe mọ iṣẹ́ tí kò ní èrè, kí àárẹ̀ má ba egungun rẹ gbé. A ó fojú kan ara wa pẹ̀lú ayọ̀, a kò ní fi ẹkún pàdé, ìwọ náà yóò sì bí ọmọ tó máa yọ ọ́ lẹ́nu bí a ṣe ń yọ Bàbá lẹ́nu, tí wọ́n sì ń gbẹ̀san.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin, tí a jọ mu ọmú kan náà,
Oníṣẹ́ amọ̀.

Mo tún rántí: Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé bí mo ṣe ń pa lẹ́tà yìí dé. Wọ́n ní kí n bi ọ́ bóyá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ni àmì dúdú Màmá wà tàbí ti òsì. Mo ní àwòrán wọn wà lára ògiri ní pálọ̀, ẹ jẹ́ ká lọ wò ó. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ gbọ́ ti àwòrán, ẹnu rẹ ni àwọn ti fẹ́ gbọ́ ọ. Jọ̀wọ́, àbúrò mi, bí o tilẹ̀ mọ̀ ọ́n, kọ̀wé pé kò dá ọ lójú, kí o wá rò ó wò fún ìgbà pípẹ́.